Bẹ́ ẹ bá ń lọ sí mùsíọ́mù Yemisi Shyllon

Ẹ tètè kúrò nílé o, torí inú ọgbà Pan-Atlantic University ló wà, n'Íbẹ̀jú-Lẹ́kkí, gosiló ọ̀nà yẹn ò dáa rárá. Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé Ọmọọba Yemisi Shyllon, ọmọ Ẹ̀gbá, ló fún yunifásítì náà ní 1,000 iṣẹ́ ọnà látinú èyí tó ti ń kó jọ, wọ́n wá ṣílẹ̀kùn ẹ̀ ní 2019, mo dẹ̀ ń kí bàbá yẹn gan-an, ìwọ̀nba èèyàn ló lè yọwọ́ nínú irú ẹ̀. Wọ́n máa ń pààrọ̀ ohun tí wọ́n pàtẹ, torí náà tó bá jẹ́ iṣẹ́ kan pàtó lẹ fẹ́ rí, ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó lọ.

Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ má sáré. Tẹ́ ẹ bá kan iṣẹ́ Bruce Onobrakpeya, ayàwòrán ọmọ Nàìjíríà tó máa ń tẹ àwòrán sórí bébà, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ wo bí ilà ẹ̀ ṣe wú lára bébà, torí orí àwo pẹlẹbẹ tó ti gbẹ́ àwòrán sí ló ti máa ń tẹ̀ ẹ́. Ère onígi ní tiẹ̀, ẹ yí i po, ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ lẹ ti máa rí ojú ọ̀bẹ agbẹ́gilére.