Bí mo ṣe tún adágún edé wa ṣe kí àrùn má baà wọ̀ ọ́

Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jọ ń sin edé ńlá inú ọ̀sà ní apá Badagry. Nígbà tí a kó tọdún tó kọjá tán, mo ní kò sí ọmọ edé tuntun tó máa wọbẹ̀ àfi tí ilé wọn bá kọ́kọ́ mọ́. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára tí a lè rà fún edé bíi ti adìyẹ. Àrùn white spot, tí í fi àmì funfun sí èèpo wọn, kò ní òògùn. Òun ló ba oko edé Ecuador jẹ́ ní 1999. Tó bá wọ adágún edé omi iyọ̀, ó lè pa gbogbo wọn láàárín ọjọ́ 3 sí 10. Àwọn edé odò kan kì í kú sí i, ṣùgbọ́n wọ́n lè máa gbé e kiri.

Mo fa omi gbẹ, mo sì kó ẹrẹ̀ dúdú ìsàlẹ̀ jáde. Iṣẹ́ yẹn ló le jù. Àjẹkù oúnjẹ àti ìgbẹ́ edé ló jẹrà di ẹrẹ̀ yẹn. Ó ń gba afẹ́fẹ́ inú omi mọ́ edé lọ́wọ́, kòkòrò àrùn sì ń rí ibẹ̀ gbé. Mo gbé e jìnnà, kí òjò má baà gbá a padà. Oòrùn pa ilẹ̀ náà títí ó fi sán.

Ihò akàn ṣì tutù. Akàn náà ń gbé white spot kiri, nítorí náà mo da ìyẹ̀fun láìmù gbígbóná (quicklime), èyí tí ń hó bí omi bá kàn án, sínú gbogbo ihò wọn. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ bo imú àti ojú; ó ń jó ara gan-an. Mo fi àwọ̀n yí etí adágún ká.

Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ ká da òògùn apabakitéríà (antibiotic) sómi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kò ràn án." Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa white spot, òògùn apabakitéríà kì í sì í pa fáírọ́ọ̀sì; àwọn ará Yúróòpù sì ń kọ edé tí chloramphenicol, ọ̀kan lára irú òògùn bẹ́ẹ̀, bá wà lára rẹ̀.

Omi tuntun gba inú àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ wọlé. Ọmọ edé kọ́kọ́ gbé inú tánkì lọ́tọ̀, ká fi lè wò wọ́n dáadáa. Ní báyìí, mo máa ń yẹ àwo oúnjẹ wọn wò láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Tí oúnjẹ bá ṣẹ́kù, mo máa ń dín èyí tó kàn kù.