Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn dàrẹ́kítọ̀ fíìmù aláwàdà n'Íbàdàn

Owó kámẹ́rà, owó oúnjẹ àti epo jẹnẹrétọ̀ nìkan lẹ ń kà sí ìnáwó fíìmù. Ohun tó ń gbẹ yín lápò gan-an ni wákàtí tí gbogbo ènìyàn fi ń dúró ní lokéṣọ̀n kí òṣèré kan tó rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín sọ.

1. "Ẹ ṣáà máa sọ ọ́ lọ, ẹ jẹ́ kó dùn." Ṣé ẹ pe ìyẹn ní dídarí eré? Òṣèré tó fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí kò sí nínú ìwé gbọ́dọ̀ mọ nǹkan mẹ́ta kí kámẹ́rà tó bẹ̀rẹ̀: ohun tó ń wá lọ́wọ́ ẹnì kejì, ohun tí kò gbọ́dọ̀ já bọ́ lẹ́nu rẹ̀, àti ìṣe tó máa parí ìran náà. Ẹ jẹ́ ká ní awakọ̀ Micra kan àti èrò ọkọ̀ ń jà nítorí ṣéńjì ní Ìwó Róòdù. Awakọ̀ fẹ́ sáré padà sẹ́nu iṣẹ́, èrò ń wá igba náírà rẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́dọ̀ tíì dárúkọ obìnrin tí àwọn méjèèjì jọ ń fẹ́, torí iwájú ni àṣírí yẹn ti máa tú. Bí èrò bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ìran ti parí. Láàárín èyí, ẹ tú wọn sílẹ̀. Bí ẹ kò bá là á sílẹ̀ fún wọn báyìí, èébú ìṣẹ́jú mẹ́fà lẹ máa kó fún ẹ́dítọ̀, kò sì ní rí ibi tó máa gé e.

Ẹ ó ní Bàbá Sàlá kò di ìwé mú. Ó dáa. Kí fíìmù rẹ̀, Ọ̀run Móoru, tó jáde ní 1982, ẹgbẹ́ Aláwàdà rẹ̀ ti ń ṣeré láti ọjọ́ pípẹ́ lórí ìtàgé àti lórí tẹlifíṣọ̀n Ìbàdàn. Ẹ̀rín àwọn òǹwòran ló ń fi èyí tó dùn hàn wọ́n, èyí tí kò dùn ni wọ́n ń sọ nù. Bàbá Sàlá ló sì ń dẹ́rìn-ín pa èèyàn nínú fíìmù náà, Ọlá Balógun ló darí rẹ̀. Àwọn òṣèré tiyín, àárọ̀ òní ni wọ́n mọ ara wọn ní Bódìjà! Ẹ fi ọjọ́ méjì ṣe ìdánrawò láìsí kámẹ́rà, ẹ fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, ẹ kọ èyí tó dùn sínú ìwé eré. Oúnjẹ àti píọ wọ́tà nìkan ló máa ná yín.

2. Ẹ má tú òṣèré sílẹ̀ ní yíyà àkọ́kọ́. Ẹ ya ti inú ìwé lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ tó yà á bó ṣe wù wọ́n. Bí ẹnì kan bá rí ọ̀rọ̀ dídùn, ẹ yí kámẹ́rà sí ojú ẹnì kejì lójú ẹsẹ̀, kí oòrùn tó yí, kí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yẹn tún un sọ sí i.

3. Kámẹ́rà kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ àtinúdá kì í jáde bákan náà lẹ́ẹ̀mejì, nítorí náà ẹ wá kámẹ́rà méjì, ẹ sì to méjèèjì sí apá kan náà lọ́dọ̀ àwọn òṣèré. Bí kámẹ́rà bá ń gba àwòrán sílẹ̀ ní 100 Mbps (mẹ́gábíìtì ọgọ́rùn-ún ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), wákàtí kan yóò gba nǹkan bíi 45 GB lórí kámẹ́rà kọ̀ọ̀kan. Káàdì 64 GB kò lè pé wákàtí kan ààbọ̀.

Òṣèré tó ń sọ ọ̀rọ̀ àtinúdá kò gbọ́dọ̀ máa jẹ àmàlà lọ́wọ́. Òkèlè kò ní bára mu láti yíyà kan sí èkejì.

Bí ènìyàn bá máa ṣubú lórí àga, ẹ ya ẹsẹ̀, àga àti ilẹ̀ pọ̀. Ojú nìkan lẹ máa ń yà, ẹ̀rín á wá bọ́ sílẹ̀.

Ẹ má tètè pariwo "cut". Ẹ ka ení dé àrún lọ́kàn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Wíwò tí òṣèré ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀ ló ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín jù. Ẹni tó bá sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn kámẹ́rà, kó bọ́ síta. Ohùn rẹ̀ ti wọ máìkì. Òṣèré kọ̀ọ̀kan ni kó ní máìkì tirẹ̀ láyà, torí wọ́n á máa já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ara wọn lẹ́nu. Ẹ tún gba ìdákẹ́jẹ́ ibẹ̀ sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá, ẹ́dítọ̀ máa fi dí àlàfo.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó ńlá gba aláwàdà orí íntánẹ́ẹ̀tì kó wá ṣe skit rẹ̀ láàárín fíìmù, ẹ béèrè kí ni ìtàn yín nílò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó tó ìṣẹ́jú kan lórí fóònù kì í gbé fíìmù wákàtí kan ààbọ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti to fíìmù pọ̀, ẹ pe èèyàn mẹ́wàá tí kò dé lokéṣọ̀n, ẹ jókòó sí ẹ̀yìn wọn. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó dùn, wọ́n á ní ó dùn. Ẹ kọ ibi tí wọ́n ti rẹ́rìn-ín. Bí ẹ̀rín bá bo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ fi ìṣẹ́jú-àáyá kan tàbí méjì kún un níbẹ̀. Bí wọ́n bá sì dákẹ́ níbi tí ẹ náwó sí jù, ẹ gé e kúrò.