Bí a ṣe ń ka àwòrán Ìdájọ́ Òdodo tí Vasari yà

Ó máa ń dùn mí táwọn èèyàn wa bá rí àwòrán ilẹ̀ Ítálì àtijọ́ lórí fóònù, tí èrò kún inú ẹ̀ bí ọjà Ọjà-Ọba lọ́jọ́ ọdún, tí wọ́n á kàn fìka sún un kọjá pé kò yé àwọn. Ó lè yé yín. Ẹni tó yà á fẹ́ ká kà á ni, ó sì ní bí wọ́n ṣe ń kà á.

Ẹ jẹ́ ká lo ọ̀kan. Giorgio Vasari, ayàwòrán ará Ítálì, ló ya Ìdájọ́ Òdodo yìí ní 1543 fún Kádínà Alessandro Farnese ní Róòmù, orí pákó ló yà á sí, ó ga ju mítà mẹ́ta lọ, mùsíọ́mù Capodimonte ní Naples ló sì wà báyìí. Ẹ wá a lórí Google kẹ́ ẹ gbé e síwájú. Ìwà mẹ́rin ni wọ́n gbà nígbà yẹn pé òun ni òpó ìwà rere, ọgbọ́n, ìdájọ́ òdodo, ìgboyà àti ìwọ̀ntúnwọ̀nsì, àwọn ayàwòrán wá máa ń sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn di èèyàn, obìnrin ló sì sábà máa ń jẹ́.

Àkọ́kọ́, ẹ fi ìtumọ̀ sílẹ̀ ná. Ẹ kàn dárúkọ ohun tẹ́ ẹ rí. Obìnrin kan wà láàárín, kò wọ nǹkan kan láti ìbàdí lọ sókè, ó dé akoto irin tó ní góòlù lára, ìyẹ́ mẹ́ta aláwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wà lórí ẹ̀. Ọ̀pá àṣẹ wà lọ́wọ́ ẹ̀, ẹyẹ àkọ̀ ló wà lórí ọ̀pá náà. Ó gbá ẹyẹ ńlá kan mọ́ra, ògòǹgò ni, ọba ẹyẹ fúnra ẹ̀! Wọn ò sì fi aṣọ dì í lójú o, ojú ẹ̀ là kedere.

Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ̀lé ọwọ́ àti ṣéènì. Àwọn ayàwòrán ìgbà yẹn, àwọn tí wọ́n ń pè ní Mannerist, tí wọ́n gbòde lẹ́yìn tí Raphael, ayàwòrán ńlá ilẹ̀ Ítálì, kú ní 1520, wọ́n fẹ́ràn kí ara máa lọ́ kó sì gùn, kí gbogbo àyè kún, ojú ò ní mọ ibi tó máa dúró sí, ọwọ́ ló máa mú yín jáde níbẹ̀. Ọwọ́ Ìdájọ́, ìyẹn obìnrin àárín yẹn, ń gbé adé ewé igi óákù lé ọmọbìnrin kan tó wà níhòòhò lórí, Òtítọ́ nìyẹn. Bàbá arúgbó tó mú un wá ni Àkókò, àdàbà méjì sì ni ẹ̀bùn tí wọ́n mú dání. Ẹ wá wo ìsàlẹ̀. Ṣéènì góòlù ti ìbàdí Ìdájọ́ wá, ó so ẹlẹ́wọ̀n méje mọ́ ọn: ìwà ìbàjẹ́, àìmọ̀kan, ìwà ìkà, ìbẹ̀rù, ọ̀dàlẹ̀, irọ́ àti ìbanijẹ́.

Ibí yìí ni kẹ́ ẹ ti dúró pẹ́. Kí ni ìbẹ̀rù ń wá láàárín ìkà àti ọ̀dàlẹ̀? Èmi gbà pé Vasari mọ ohun tó ń ṣe, torí adájọ́ lè mọ òfin dáadáa, kó má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, tó bá ti ń gbọ̀n níwájú alágbára ẹjọ́ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwòrán yìí.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, ẹ wádìí ohun tí ayàwòrán fúnra ẹ̀ sọ, tó bá sọ ọ́. Vasari sọ ọ́, nínú ìtàn ayé ara ẹ̀ tó jáde ní 1568: óákù dúró fún ọkàn tó le koko, àdàbà dúró fún àìlẹ́ṣẹ̀, wàláà méjìlá òfin Róòmù àtijọ́ ló sì dì ru ògòǹgò. Ti ògòǹgò yẹn, ìwé kan wà tó ń ṣàlàyé àmì àwọn ará Íjíbítì àtijọ́, wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Venice ní 1505, ó ní ìyẹ́ ẹyẹ yìí dọ́gba lọ́tùn-ún lósì, ìdí nìyẹn tó fi dúró fún ẹni tí kì í ṣègbè.

Ẹ béèrè ẹni tó sanwó náà. Ọmọ ọmọ Póòpù Paul Kẹta ni Farnese, ọmọ ọdún 14 ló wà tí wọ́n fi jẹ kádínà, kò tíì ju nǹkan bí ọdún 23 lọ nígbà tí wọ́n ya èyí. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí agbára pọ̀ tó báyìí lọ́wọ́ ẹ̀ ni wọ́n gbé ìbẹ̀rù àti ìwà ìbàjẹ́ tí wọ́n dè mọ́lẹ̀ síwájú ẹ̀, àwòrán náà ń yìn ín, ó sì tún ń kìlọ̀ fún un.

Tẹ́ ẹ bá ti ṣe gbogbo èyí tán, ẹ wá Ìdájọ́ tó wà lára ògiri yàrá Constantine ní Vatican, èyí tí Raphael àtàwọn ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ ṣe ṣáájú ti Vasari. Ògòǹgò wà níbẹ̀ náà. Ẹ gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kẹ́ ẹ wá kọ gbogbo ohun tí Vasari fi kún un sílẹ̀.