Bí mo ṣe mú kí Vital kí Ìlọrin bíi gángan

Akọrin kan ládùúgbò wa ní Adéwọlé, n'Ílọrin, fẹ́ kí gángan kí ìlú nínú orin rẹ̀, onílù rẹ̀ sì ti rìnrìn-àjò. Mo bá pinnu láti dá ohùn ìlù náà sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ nínú Vital, synth (ẹ̀rọ tó ń dá ohùn orin) orí kọ̀ǹpútà tó jáde lọ́dún 2020, tó sì ní ẹ̀dà ọ̀fẹ́.

Oscillator mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ohùn ti ń wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń sáré lọ fọwọ́ kan filter, tó ń gé apá kan ohùn kúrò, kí wọ́n tó yan ìgbì (ìrísí bí ohùn ṣe ń gbọ̀n), n kò sì fara mọ́ ọn, torí filter kò lè mú ohun tí oscillator kò gbé wá jáde.

Mo tẹ nóòtì 220 Hz (ó ń gbọ̀n nígbà 220 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), mo sì ń yí ìgbì rẹ̀ padà láàárín oríṣi mẹ́rin. Sine kò ní ju 220 yẹn lọ, ó mọ́ gaara. Sawtooth kó 440, 660, 880 àti àwọn tó tẹ̀ lé wọn mọ́ ọn. Ó ń han bíi gòjé. Square mú 660 àti 1,100, ó fo 440 àti 880. Triangle náà fò wọ́n, ṣùgbọ́n agbára 660 tirẹ̀ kò ju ìdá kan nínú mẹ́sàn-án ti 220 lọ. Ìdí nìyẹn tó fi rọ̀ létí, òun ni mo sì mú.

Àmọ́ awọ ìlù kì í dún bí okùn. Ohùn kejì awọ róbótó tí a fà le máa ń tó ìlọ́po 1.59 ti àkọ́kọ́, kì í ṣe ìlọ́po méjì géérégé. Nítorí náà mo fi sine sí oscillator kejì, mo gbé e ga ní semitone 8 (semitone ni ìṣísẹ̀ láti kọ́kọ́rọ́ dùùrù kan sí èyí tó tẹ̀ lé e; mẹ́jọ sún mọ́ ìlọ́po 1.59 yẹn), mo sì jẹ́ kó tètè kú. Ariwo funfun (ariwo ṣáá bíi ti rédíò tí kò mú ibùdó kankan) tó kúrú gan-an ló dúró fún ọ̀pá tó kan awọ.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ sísọ. “Ìlọrin Àfọ̀njá”: dò re re dò dò mí. Mo fi dò sí E3, re sí G3, mí sí B3. Tí ẹ bá fetí sí ẹnu wa dáadáa, “já” yẹn kì í bẹ̀rẹ̀ lókè, láti ìsàlẹ̀ “fọ̀n” ló ti ń gùn, bí onílù ṣe ń fún ọsán mọ́ abíyá. Mo fi voice (iye nóòtì tó lè dún pọ̀) sí 1, glide (àkókò tí nóòtì kan fi ń yọ́ lọ sí èkejì) sí 80 ms (ìdá 80 nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú-àáyá kan), mo sì jẹ́ kí nóòtì méjì tó kẹ́yìn gorí ara wọn díẹ̀ kí glide lè mú wọn.

Mo gbé e lọ fún bàbá onílù kan l'Ọ́jà-Ọba.

“Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ẹ bá mi gbọ́ eléyìí.”

“Ó ń kí Ìlọrin. Ṣùgbọ́n ‘já’ yẹn ti yá jù, ọmọ mi. Fà á.”

Mo sọ glide di 120 ms. Bàbá ní ó ti tó, ibẹ̀ náà ni mo fi í sí. Bó bá jẹ́ ìyáàlù dùndún lẹ fẹ́, ẹ sọ gbogbo nóòtì kalẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí triangle pẹ́ díẹ̀ kó tó kú.