Bí Àrùn Rọpárọsẹ̀ Bá Gba Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu, Orin Lè Ṣẹ́ Kù

Bàbá Bọ́lá ò lè pe ìyàwó wọn mọ́. Wọn ò lè béèrè omi. Ọwọ́ ọ̀tún wọn rọ sórí itan. Àmọ́ lálẹ́, tí àwọn ará ilé bá jókòó fún àdúrà tí wọ́n sì dá orin, bàbá á gbè é, ọ̀rọ̀ inú orin á máa jáde lẹ́nu wọn ketekete. Bí orin bá ti tán, ẹnu á tún pa dé. Irú èyí ló ń mú kí àwọn kan sọ pé bàbá ń díbọ́n, tàbí pé ayé ló ń ṣe wọ́n. Kò sí èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú méjèèjì. Àrùn rọpárọsẹ̀ (stroke) ló ba apá kan ọpọlọ wọn jẹ́.

Ọpọlọ pín sí méjì bí obì gbànja. Awẹ́ òsì ló ń darí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọ̀tún, awẹ́ ọ̀tún ló ń darí ti òsì. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, awẹ́ òsì yìí kan náà ni a fi ń ṣa ọ̀rọ̀ tí a sì fi ń tò ó. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ àti ọwọ́ ọ̀tún fi sábà máa ń lọ pa pọ̀. Iṣẹ́ awẹ́ ọ̀tún pọ̀ nínú orin, nínú bí a ṣe ń mọ̀ lóhùn èèyàn pé inú ń bí i, àti nínú ọ̀rọ̀ tó ti mọ́ni lẹ́nu débi pé a kì í rò ó ká tó sọ ọ́: ìkíni, àdúrà, kíka ení, èjì, ẹ̀ta. Èébú náà wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú bí èébú bá jáde lẹ́nu ẹni tí kò lè pe orúkọ yín.

Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti rí i. Ní 1745, Olof Dalin kọ̀wé ní Swídìn nípa ọmọ àgbẹ̀ kan tí apá ọ̀tún rẹ̀ rọ, tí kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́. Síbẹ̀ ó ń kọ orin ìsìn tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, bí ẹnì kan bá ti bá a dá a. Ní 1973, Martin Albert, Robert Sparks àti Nancy Helm ní Boston, Amẹ́ríkà, sọ irú nǹkan yìí di ọ̀nà ìtọ́jú.

Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí awẹ́ ọ̀tún ṣe ń ṣe tó. Bí ibi tó bà jẹ́ kò bá tóbi, ohun tó kù nínú awẹ́ òsì ló sábà máa ń gba iṣẹ́ náà padà, òun ló sì ń ṣe é dáadáa jù. Bí ó bá tóbi, awẹ́ ọ̀tún á dá sí i, bí aládùúgbò tó ń báni ro oko: ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ kò mọ ilẹ̀ náà bí olóko.

Kí a tó dé orí ìdánrawò: bí ẹnu ẹnì kan bá wọ́ lójijì, tí apá kan ò ṣeé gbé sókè, tí ahọ́n lọ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má rọ àgbo tàbí omi sí i lẹ́nu. Oògùn tó ń yọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì, láàárín wákàtí 4 àti ààbọ̀ tí àìsàn náà bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń lò ó.

Tí aláìsàn bá ti padà sílé, tó ń gbọ́ ohun tí ẹ ń sọ ṣùgbọ́n tí ọ̀rọ̀ ò jáde, ẹ bẹ̀rẹ̀. (Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wọ̀ọ̀wọ̀ọ̀ tí kò nítumọ̀ nílò ọ̀nà mìíràn.) Orin ìjọ látàárọ̀ dalẹ́ á tu bàbá lára, àmọ́ kò ní kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa béèrè omi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n nílò gan-an ni kí ẹ sọ di orin.

Ẹ mú "Fún mi lómi." Èdè wa ti fún un ní orin: mí, re, mí, re. Ẹ jókòó síwájú bàbá kí wọ́n lè rí ẹnu yín. Ẹ di ọwọ́ òsì wọn mú, ẹ máa fi lu tábìlì, ẹ̀ẹ̀kan fún ìró kọ̀ọ̀kan: fún, mi, ló, mi. Ẹ kọ́kọ́ panu dé, kí ẹ fi ohùn nìkan gbé e, bí onídùndún ṣe máa fi ìlù sọ ọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ọ̀rọ̀ sí i, kí bàbá bá yín kọ ọ́. Tó bá ti ń yọ̀ lẹ́nu wọn, ẹ dákẹ́ lágbedeméjì kí wọ́n parí rẹ̀. Nígbẹ̀yìn, ẹ béèrè: "Bàbá, kí lẹ fẹ́?" Bí wọ́n bá dáhùn, ẹ bu omi fún wọn ní tòótọ́, bí nọ́ọ̀sì bá ti yẹ̀ wọ́n wò pé omi kì í há wọn lọ́fun.

Lẹ́yìn èyí, ẹ bọ́ sí "Mo fẹ́ tọ̀": re, mí, dò. Ẹ má fi orin tí kò bá ohùn ọ̀rọ̀ mu kọ ọ́, ìtumọ̀ á dàrú. Díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ ni. Tó bá rẹ̀ wọ́n, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ má pariwo mọ́ wọn, etí wọn ò di. Oṣù àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ máa ń yára padà jù, ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ má torí ìyẹn jáwọ́ lẹ́yìn ọdún kan. Ó ṣì lè máa yọ díẹ̀díẹ̀.

Kí ìyàwó bàbá náà jókòó tì wọ́n ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n gba ọwọ́ òsì yẹn lọ́wọ́ yín, kí wọ́n fi lu orúkọ tí bàbá fi ń pè wọ́n láti ọjọ́ pípẹ́: Ì, yá, Bọ́, lá. Dò, mí, mí, mí.