Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Alábòójútó Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Òṣìṣẹ́

Àṣìṣe tó ń jẹ owó jù ni pé kí ọ̀gá ẹ̀ka kan wá sọ pé, "Ẹ bá wa dá àwọn òṣìṣẹ́ wa lẹ́kọ̀ọ́," kí alábòójútó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá olùkọ́ lójú ẹsẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi í: kí ni wọ́n ń ṣe báyìí, kí ló yẹ kí wọ́n máa ṣe? Lẹ́yìn náà, ẹ lọ fojú ara yín rí iṣẹ́ ọ̀hún. Bí òṣìṣẹ́ bá ń ṣe é dáadáa nígbà tí ọ̀gá dúró tì í, tó sì ń fò ó nígbà tí ọ̀gá bá kúrò, kì í ṣe ìmọ̀ ni kò ní. Ó lè jẹ́ pé irinṣẹ́ ti bàjẹ́, tàbí pé ẹni tó bá yára nìkan ni wọ́n ń yìn. Ẹ̀kọ́ ọjọ́ mẹ́ta ò lè tún ẹ̀rọ ṣe.

Ẹ má kọ "kí wọ́n lóye ìtọ́jú oníbàárà" sílẹ̀ bí ohun tí ẹ ń lé. Ta ló máa wọn òye? Ẹ kọ ohun tí ojú lè rí: "kí òṣìṣẹ́ lè kọ ẹ̀sùn oníbàárà sínú fọ́ọ̀mù láàárín ìṣẹ́jú 5, láìfo ibì kankan."

Kíkó gbogbo ẹ̀kọ́ sínú ọjọ́ kan náà kò dára. Ní 1885, Hermann Ebbinghaus, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá ará Jámánì, tẹ àbájáde ìdánwò tó fi ara rẹ̀ ṣe jáde, ó sì rí i pé kíákíá ni ìgbàgbé máa ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́, kó tó wá dẹwọ́. Dípò wákàtí 6 lẹ́ẹ̀kan, ẹ pín in sí ìjókòó 4, ìṣẹ́jú 90 ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi ìbéèrè lórí ẹ̀kọ́ tó kọjá ṣí ìjókòó, láìsí ìwé lọ́wọ́ wọn.

Bí ọ̀gá tó ń darí òṣìṣẹ́ lójoojúmọ́ kò bá mọ ohun tí wọ́n kọ́ òṣìṣẹ́ náà, "a kì í ṣe é báyẹn níbí" ni yóò fi pàdé rẹ̀. Ẹ bá ọ̀gá náà sọ̀rọ̀ ṣáájú, kí ó sì fún òṣìṣẹ́ ní iṣẹ́ tí yóò ti lo ẹ̀kọ́ náà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́.

Fọ́ọ̀mù "ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?" ni ọ̀pọ̀ ń pè ní ìdíwọ̀n. Olùkọ́ tó mọ àwàdà ṣe yóò gba máàkì gíga, kódà bí ẹnikẹ́ni ò kọ́ nǹkan kan. Ní 1959, Donald Kirkpatrick, onímọ̀ nípa ìdánilẹ́kọ̀ọ́ òṣìṣẹ́ ará Amẹ́ríkà, pín ìdíwọ̀n sí ọ̀nà mẹ́rin: bó ṣe rí lára wọn, ohun tí wọ́n kọ́, ohun tó yí padà nínú ìṣe wọn, àti èrè tí ilé-iṣẹ́ rí. Orí ọ̀nà àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ alábòójútó sábà máa ń dúró sí. Ká ní fọ́ọ̀mù ẹ̀sùn yẹn ni ẹ fẹ́ tún ṣe: ẹ ka àṣìṣe inú fọ́ọ̀mù 20 ṣáájú ẹ̀kọ́, kí ẹ tún ka 20 míì lẹ́yìn ọjọ́ 30 àti ọjọ́ 90. Ẹni tí kò bá ka ti ìṣáájú kò ní ohun tí yóò fi ti ẹ̀yìn wé. Bí àṣìṣe bá sì dín kù, ẹ wò ó bóyá wọ́n ti pààrọ̀ fọ́ọ̀mù náà láàárín àkókò yẹn.