Bí A Ṣe Ń Gbọ́ Ẹgbẹ́ Olórin Rọ́ọ̀kì Nínú Gbọ̀ngàn Kékeré ní Kàbà

Ẹni tó bá ti jókòó sí òde ìnáwó nílẹ̀ Okun, lágbègbè Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, rí mọ bí eré ṣe máa ń lọ níbẹ̀. Olórin á wo agbo yíká, á rí ẹni tí aṣọ rẹ̀ ń dán, á pe orúkọ rẹ̀ mọ́ ti bàbá rẹ̀, onítọ̀hún á sì dìde tòun ti owó lọ́wọ́. Orin rọ́ọ̀kì, pàápàá irú tí wọ́n ń pè ní ìńdì rọ́ọ̀kì, kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tó gbé gìtá kọ́rùn níwájú yín kò mọ orúkọ yín, wọn kò sì ní pè é títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Orin tí wọ́n fọwọ́ ara wọn kọ ni wọ́n gbé wá, gbígbọ́ ni wọ́n sì fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Nínú gbọ̀ngàn tí kò gbà ju 100 ènìyàn lọ, àkókò tí ẹ bá dé, ibi tí ẹ bá dúró sí àti ohun tí ẹ bá fi dí etí ni yóò sọ bóyá orin lẹ gbọ́ tàbí ariwo.

Ìńdì tí wọ́n ń fi kún orúkọ rọ́ọ̀kì yìí kì í ṣe orúkọ ìlù kan pàtó. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹgbẹ́ olórin náà ń dá bùkátà ara rẹ̀ gbé, tí kò sí iléeṣẹ́ ńlá tó ń bá a sanwó sítúdíò tàbí owó ọkọ̀. Ní òpin ọdún 1976, àwọn ọ̀dọ́ kan ní ìlú Manchester tí wọ́n ń pe ara wọn ní Buzzcocks yá 500 pọ́n-ùn lọ́wọ́ ẹbí àti ọ̀rẹ́, wọ́n fi ṣe àwo tiwọn, wọ́n sì gbé e jáde ní oṣù kìíní ọdún 1977. Ọ̀pọ̀ àwọn tó tẹ̀lé wọn ló ti ara wọn rí i pé ó ṣeé ṣe. Orin gìtá líle kò sì ṣàjèjì sí Nàìjíríà. Láàárín ọdún 1970 sí 1979, Ofege, tí í ṣe àwọn ọmọ ilé-ìwé St. Gregory's College ní Èkó, ṣe àwo nígbà tí wọ́n ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé, ẹgbẹ́ BLO tí Laolu Akins ń lùlù fún gbajúmọ̀, The Funkees sì gbòde láti Aba lẹ́yìn ogun abẹ́lé. Bí àgbàlagbà kan bá wá sọ fún yín pé ìwà àwọn òyìnbó ni ẹ̀ ń kọ́, ẹ rọra bi í léèrè ohun tí òun náà ń jó sí nígbà yẹn.

Ní Kàbà, kò sí gbọ̀ngàn tí wọ́n kọ́ nítorí orin rọ́ọ̀kì. Ohun tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń yá ni gbọ̀ngàn àpèjẹ kékeré tàbí ẹ̀yìnkùlé ilé oúnjẹ, lọ́jọ́ tí kò bá sí ìgbéyàwó. Nítorí bẹ́ẹ̀, ẹ má ṣe dúró de ìwé ìpolówó lára ògiri. Àwọn tó ń ta gìtá tí wọ́n sì ń lu dírọ́ọ̀mù ní ṣọ́ọ̀ṣì ni kẹ́ ẹ bi, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn ti kọ́ṣẹ́, wọ́n sì mọ ara wọn láti Ẹ̀gbẹ̀ títí dé Lọ́kọ́jà. Ẹni tó ń ta gìtá báàsì fún ìsìn àárọ̀ ọjọ́ Àìkú lè jẹ́ ẹni tí ẹ máa bá lórí pèpéle lálẹ́ Sátidé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní fẹ́ kí pásítọ̀ rẹ̀ gbọ́ lẹ́nu yín.

Kí ẹ tó lọ, ẹ wá orin wọn lórí fóònù, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ọ̀rọ̀ orin kì í fi bẹ́ẹ̀ yéni nínú gbọ̀ngàn; ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ ni etí rẹ̀ máa ń tètè mú un. Ẹ mú owó kéékèèké dání, torí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà kì í ní ṣẹ́ńjì, ẹ̀rọ POS sì lè sọ pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí. Ẹ san owó ìwọlé yín pé. Mo ti rí ẹni tó ń fi ìdajì wákàtí jiyàn pé ìbátan òun ló ni gbọ̀ngàn, nítorí owó tí kò tó ti ìgò ọtí méjì, bẹ́ẹ̀ owó ẹnu ọ̀nà yẹn náà ni àwọn olórin máa fi ra epo tí yóò gbé wọn padà sílé.

Ẹ dé tètè, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré kì í bẹ̀rẹ̀ lákòókò tí wọ́n dá. Ẹgbẹ́ tó máa ń kọ́kọ́ ṣíde eré, tí wọ́n máa ń fún ní bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú di. Ní ọjọ́ 31 oṣù karùn-ún ọdún 1993, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní King Tut's ní ìlú Glasgow nílẹ̀ Scotland, ẹgbẹ́ Oasis, tó padà di gbajúgbajà káàkiri ayé, kọ́ ni olórí eré. Alan McGee, ọ̀gá iléeṣẹ́ tó ń gbé àwo orin jáde tí wọ́n ń pè ní Creation Records, wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń kọrin, ó sì sọ fún wọn lálẹ́ ọjọ́ náà pé òun fẹ́ gbà wọ́n sí iléeṣẹ́ òun. N kò sọ pé irú ẹ̀ yóò ṣẹlẹ̀ ní Kàbà. Mo kàn ń sọ pé ẹni tó dúró síta títí ẹgbẹ́ ńlá fi wọlé kò lè sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ kó tó wọlé.

Ìdí kejì tó fi yẹ kí ẹ tètè dé ni ìkíni. Nílẹ̀ wa, ènìyàn kò lè ré àgbà kọjá láì kí i, bẹ́ẹ̀ ni "Okun o" wa kì í ṣe ẹyọ ọ̀rọ̀ kan lásán. Ó máa ń fa ilé, ọmọ àti oko wá lẹ́yìn ni. Bí ẹ bá dé kí ìlù tó dún, ẹ ti lè kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀ fún ẹni tó bá yẹ, kí ẹ sì bá a débi ọ̀rọ̀ ilé. Bí orin bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ tẹrí ba díẹ̀, kí ẹ gbé ọwọ́ sókè, kí ó parí síbẹ̀. Èyí tó kù á di ẹ̀yìn orin tàbí ìta. Ẹni tó bá gbé ìkíni dé àárín orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ń ba ti ogún ènìyàn jẹ́ nítorí ti ẹnì kan.

Ọ̀rọ̀ ibi tí a máa dúró sí ló gba àlàyé jù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo lọ, iwájú pátápátá ni mo sáré lọ, bí ẹni pé oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ pín. Gìtá ń bú mọ́ mi láyà, dírọ́ọ̀mù ń lù mí lórí, ṣùgbọ́n n kò gbọ́ ohùn akọrin rárá. Ẹnu rẹ̀ nìkan ni mo ń rí tó ń là tó ń pa dé. Lẹ́yìn orin kẹta, ọmọkùnrin tó jókòó ti míkísà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń to ohùn, fi ọwọ́ pè mí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá dúró ti èmi níbí." Mo lọ, ohùn akọrin sì jáde ketekete bí ẹni pé wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un.

Ìdí rẹ̀ kò le. Nínú gbọ̀ngàn kékeré, gìtá ní àpótí gbohùngbohùn tirẹ̀ lẹ́yìn ẹni tó ń ta á, dírọ́ọ̀mù kò sì nílò ìrànlọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pariwo, ṣùgbọ́n ohùn ẹnu gba inú máìkì lọ sínú sípíkà ńlá méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pèpéle, èyí tó kọjú sí àwọn èrò. Ẹni tó bá wà ní iwájú pátápátá ti wà lẹ́yìn ohùn yẹn, àárín gìtá àti dírọ́ọ̀mù ló há sí. Ibi tí ẹni tó ń to ohùn bá jókòó sí ni ibi tó dára jù, torí ohun tí etí tirẹ̀ ń gbọ́ ló fi ń tò ó. Ẹ yẹra fún kọ̀rọ̀ ilé, nítorí báàsì, ìyẹn ohùn tó rẹlẹ̀ jù, máa ń kóra jọ síbẹ̀ títí á fi di ìkùn lásán. Ẹ sì má jẹ́ kí ohùn tí ẹ gbọ́ nígbà tí gbọ̀ngàn ṣófo dẹ́rù bà yín: ògiri oníkọnkéré àti ilẹ̀ onítáìsì máa ń dá ohùn padà, ṣùgbọ́n ara ènìyàn àti aṣọ ọrùn wọn máa ń fà á mu, gbọ̀ngàn tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n ní aago méje lè dùn létí ní aago mẹ́sàn-án. Òjò lórí páànù nìkan ni kò gbóògùn. Bí ó bá ti ń rọ̀ lóṣù kẹsàn-án, ẹ sún mọ́ iwájú, kí ẹ gba ìwọ̀nba tí ẹ bá rí.

Etí yín ńkọ́? Dẹ́síbẹ̀lì ni wọ́n fi ń wọn bí ariwo ṣe pọ̀ tó. Ariwo tó bá dé 85 dẹ́síbẹ̀lì, ènìyàn lè wà nínú rẹ̀ fún wákàtí 8 kó tó léwu fún etí. Gbogbo ìgbà tí ó bá fi 3 lé sí i, àkókò yẹn á dín sí ìdajì, tó fi jẹ́ pé ìṣẹ́jú 15 péré ló kù bó bá dé 100. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìlànà kan jáde lọ́dún 2022 pé ìpíndọ́gba ariwo níbi eré kò gbọdọ̀ ju 100 dẹ́síbẹ̀lì lọ, kí àwọn tó gbé eré kalẹ̀ sì pèsè èdídí etí fún èrò. Kò sí ẹni tó máa pèsè rẹ̀ fún yín ní Kàbà, ẹ mú tiyín dání. Òwú kò wúlò, ariwo máa ń gbà á kọjá. Èyí tí wọ́n fi fóòmù ṣe ni kẹ́ ẹ rà: ẹ fi ìka mẹ́ta yí i títí á fi tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn fìtílà, ẹ gba ẹ̀yìn orí fi ọwọ́ kejì fa etí sókè díẹ̀, ẹ tì í wọlé, kí ẹ sì fi ìka dì í mú fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá títí á fi wú kún ihò etí. Bí ẹ bá yọ ọ́ tán tí etí ṣì ń hó yín wìì di ọjọ́ kejì, ariwo ọjọ́ náà ti pọ̀ jù fún yín. Nígbà mìíràn, ẹ dúró sẹ́yìn sí i.

Mo ní láti padà sórí ọ̀rọ̀ owó nínà fún olórin. Ní oṣù Kejìlá kan, ẹ̀gbọ́n kan tó wá fi ọdún sílé láti Àbújá gbọ́ orin kan tó wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara, ló bá dìde. Ó lẹ ₦200 mọ́ iwájú orí akọrin tó ń làágùn, owó náà sì lẹ̀ mọ́ ọn lóòótọ́. Àwọn owó yòókù tó ń ná fún un já bọ́ sórí àwọn àpótí kéékèèké tí onígìtá ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ láti yí ohùn gìtá padà. Onígìtá gbé ẹsẹ̀ láti tẹ ọ̀kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀ lórí owó, ó fa wáyà yọ, sípíkà dún gbàù, gbogbo ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ọmọ náà ní, "Ẹ ṣé o, bọ̀ọ̀dá," ó sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣa náírà kúrò lórí àpótí rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Yàtọ̀ sí èyí, òfin Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ti ọdún 2007 ka fífi náírà lẹ ènìyàn lórí tàbí fífọ́n ọn ká lóde àríyá sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fa owó ìtanràn tí kò dín sí ₦50,000 tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín sí oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Bí inú yín bá dùn sí wọn, ẹ pa owó náà mọ́ títí eré á fi parí.

Fóònù: ẹ ya fọ́tò kan tàbí méjì, láìtan iná rẹ̀, kí ẹ sì fi sápò. Àwọn obìnrin tí wọ́n bá ń lọ, ẹ lọ ní méjì-méjì, kí ẹ má sì fi ohun mímu yín sílẹ̀. Iná lè lọ láàárín orin. Bí ẹni tó fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀ bá ń pẹ́, ẹ má ṣe pariwo lé e lórí. Mo ti wà níbi tí iná ti lọ tí onídírọ́ọ̀mù kò dáwọ́ dúró, tí gbogbo ilé sì ń pàtẹ́wọ́ tẹ̀lé e nínú òkùnkùn títí iná fi dé, ìyẹn sì ni mo rántí jù nínú gbogbo eré alẹ́ náà.

Bí wọ́n bá parí, ẹ má ṣe sáré jáde. Àwọn olórin fúnra wọn ló máa ń wá jókòó ti tábìlì tí wọ́n pàtẹ àwọn T-shirt wọn sí. Ẹ rà á bí agbára yín bá gbé e, nítorí owó rẹ̀ kì í gba ọwọ́ ẹlòmíràn kọjá. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí wọn, ẹ sọ orin tí ó wọ̀ yín létí, kì í ṣe "ẹ kúuṣẹ́" nìkan. Ẹ bá wọn gbé àpótí kan dé ìdí ọkọ̀. Àpótí báàsì wúwo ju bí ẹ ṣe rò lọ, ẹ tẹ orúnkún kí ẹ tó gbé e.

Ẹni tó bá ti Ìyàrà, Mopa, Ìsánlú tàbí Lọ́kọ́jà wá kò gbọdọ̀ rò ó pé òun máa padà lóru. Ọ̀nà wa kò ṣeé fọkàn tán lálẹ́, ọ̀nà Ọbajànà sì kún fún àwọn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì tí òmíràn nínú wọn lè bàjẹ́ sójú títì láìtan iná. Ẹ ti bá ìbátan yín nínú ìlú sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ pé ẹ̀ ń bọ̀ wá sùn, kí ẹ sọ àkókò tí ẹ máa dé gan-an, kí ìyá àgbà má baà jókòó dè yín pẹ̀lú oúnjẹ tó ti tutù. Bí ó bá sì ti ń ṣílẹ̀kùn tó bi yín pé kí ló dé tí ẹ fi ń pariwo sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ yọ èdídí etí yín.